Màámi, àwọn alákàrà ìlú yìí náà mọṣẹ́ o

Pune, Íńdíà

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdúró ti iná. Bàámi ńkọ́, orúnkún wọn ńkọ́? Bùkọ́lá, ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí fún wọn, jọ̀ọ́ kà á tán, má fo ibi tí mo ti dárúkọ ẹ.

Màámi, ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí nínú fóìsì nóòtù yẹn pé kí ni mò ń jẹ, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Tí n bá ní mò ń jẹun dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù mi ò fẹ́ gbóòórùn ẹran nínú ilé ẹ̀, kò fẹ́ ẹja, ẹyin pàápàá ó ní kí n lọ jẹ ẹ́ síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ni ò jẹ ẹran rí látìgbà tí wọ́n ti dáyé, débi pé oúnjẹ inú páálí tí ò bá ti lẹ́ran nínú, wọ́n á tẹ àmì róbótó aláwọ̀ ewé sára ẹ̀ kí kálukú lè mọ èyí tó máa rà. Panla tẹ́ ẹ dì sínú bàágì mi ṣì wà nínú ike, mo ti fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, ìgboyà láti sè é ni mi ò tíì ní. Torí náà ìta ni mo ti ń jẹun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pariwo, ṣebí ìta náà lẹ̀yin ń ta àkàrà yín sí, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ń jẹ ẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá kan wà lẹ́nu géètì ilé-ìwé wa, Kaka la máa ń pè é, bí ìgbà téèyàn ń pe àbúrò bàbá ẹ̀ ni. Vada pav ló ń tà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró ti iná ẹ̀, ṣe ló dà bíi pé Mọ́kọ́lá ni mo wà. Agbada dúdú bíi tiyín, síbí oníhò bíi tiyín, kódà bẹ́ ẹ ṣe máa ń ju àlùbọ́sà sínú òróró kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbóná, òun á fi ọwọ́ kán ìyẹ̀fun pípò díẹ̀ sí i, tí ìyẹn bá ti fò sókè kíá, iná ti tó nìyẹn. Pòtétò ló ń sè, á tẹ̀ ẹ́ àmọ́ kò ní jẹ́ kó kúnná jù, á wá da aáyù, ata ilẹ̀, ata tútù aláwọ̀ ewé àti kóró músítádì tó ti ń ta pàràpàrà nínú òróró lé e lórí, pẹ̀lú ata ilẹ̀ pupa tó máa jẹ́ kí inú ẹ̀ ní àwọ̀ bí ìyeyè. Á ká a róbótó, á rì í bọ inú ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n fomi pò, ó di inú òróró. Tó bá gbé e jáde, á la búrẹ́dì kékeré kan láì jẹ́ kó já, á fi ọbẹ̀ ewé tútù pa apá kan, á wọ́n aáyù gbígbẹ tí wọ́n gún pẹ̀lú ata sí apá kejì, á ki vada, ìyẹn àkàrà pòtétò yẹn, sí i láàárín, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á wá fi ata díndín kan tó níyọ̀ lára tì í. Rúpì 15 sí 20. Búrẹ́dì àti àkàrà ni, kò sí nǹkan míì! Orúkọ búrẹ́dì yẹn gan-an, pav, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, àwọn Potogí yìí náà ló gbé ata àti pòtétò wọ̀lú láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ fún Kaka pé àlejò ni ata o, á lé yín nídìí agbada.

Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ashok Vaidya ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1966 níwájú téṣọ̀n rélùwéè Dadar ní Mumbai, níbi tí èrò iṣẹ́ ti máa ń wá nǹkan tí wọ́n lè jẹ lórí ìrìn. Ìwé ìròyìn ni Kaka fi ń dì í. Ìjọba ti ń pariwo pé kí wọ́n yéé fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ torí tàdáwà ara ẹ̀, Kaka ní òun ti gbọ́, ó sì fa òmíràn ya.

Ṣùgbọ́n àkàrà gangan, èyí tó jẹ́ ẹ̀wà, àwọn ará gúúsù ló ni ín. Medu vada lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní urad, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ láì bu omi púpọ̀ sí i, wọ́n á wá máa lù ú títí á fi wú. Obìnrin kan tó ń tà á nítòsí họ́sítẹ́ẹ̀lì fi hàn mí, ó bu ìwọ̀nba díẹ̀, ó ju sínú abọ́ omi, ó léfòó. Ó ní tó bá fi lè rì, pé ọwọ́ ò tíì tó o. Ẹ̀rín pa mí, torí mo rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń jágbe mọ́ èmi àti Bùkọ́lá láàárọ̀ kùtù pé kò tíì tó, ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i, ẹ lù ú sí i! Ó fi omi pa ọwọ́, ó dá ihò sí i láàárín kí inú ẹ̀ lè jinná, ó sọ ọ́ sínú òróró. Àgbọn lílọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín náà, dhokla, ti àwọn ará Gujarat, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n fi ooru omi sè, àmọ́ súgà wà nínú ẹ̀. Ẹ ò gbọ́ mi? Súgà! Mo jẹ ẹyọ kan tán nítorí ojú ẹni tó fún mi.

Ti ìpínlẹ̀ Maharashtra tí Pune wà níbí ni misal. Ẹ̀wà tó bá hù lọ́dọ̀ wa, adìẹ la máa dà á fún, àwọn wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó hù ni, wọ́n á wá sè é, wọ́n á da ọbẹ̀ ata tí òróró pupa léfòó lórí ẹ̀ lé e, wọ́n á wọ́n nǹkan díndín wẹ́wẹ́ tó ń rún kẹ́kẹ́ sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù àti ọsàn wẹ́wẹ́. Búrẹ́dì la fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀wà àgànyìn rí kò ní ṣòpò béèrè ọ̀nà ilé. Imú mi ṣàn lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì mi tó rò pé aláwọ̀ dúdú ò lè jẹ ata, gbogbo wọn la jọ ń nu imú.

Bùkọ́lá, ibi tìẹ rèé, ìwọ tó fẹ́ràn nǹkan kíkan. Pani puri. Tó o bá dé Delhi, golgappa ni kó o pè é, ní Kolkata puchka ni. Ó dà bíi bọ́ọ̀lù kékeré, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, inú ẹ̀ ṣófo. Èèyàn á yí ọkùnrin náà ká, kálukú pẹ̀lú abọ́ ewé lọ́wọ́, á fi àtàǹpàkò lu ihò sí ọ̀kan, á ki pòtétò àti ẹ̀wà sí i, á rì í bọ inú ìkòkò omi míńtì àti ata, á fi omi dídùn tí wọ́n fi tsàmíyá, èso kíkan yẹn, ṣe kún un, á gbé e sínú abọ́ ẹ, o gbọ́dọ̀ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà torí tó o bá gé e jẹ, gbogbo ẹ̀ á dà sáyà ẹ, kò sì ní dúró dè ẹ́, òmíràn ti ń bọ̀. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé tó o bá jẹ tiẹ̀ tán, wàá na abọ́ sí i, á fún ẹ ní ọ̀kan gbígbẹ láìgbowó. Ènì! Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ ènì níbí.

Màámi, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, òun ló ṣe mí. Nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da á, mo jẹ méjìlá níbì kan tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti pọn omi ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sáré wọlé sáré jáde. Ó ti lọ, ara mi ti yá, kí Bàámi má fi aago pè mí torí ẹ̀. Báyìí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan tó bá jáde látinú òróró gbígbóná lójú mi nìkan ni mò ń jẹ, tàbí àgbàdo yíyan. Wọ́n á gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, wọ́n á fi ojú ẹ̀ tọ́ iyọ̀ àti ata, wọ́n á fi pa àgbàdo náà látòkè délẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Sàmósà ibí tó ìkúùkù, Bùkọ́lá, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń gbé káàkiri òde àríyá tó dà bí èékánná. Pòtétò àti ẹ̀wà tútù ló wà nínú ẹ̀. Bóyá kó o fi kún ti small chops ẹ, pòtétò ò wọ́n tó ẹran.

Lánàá mo fi fọ́tò yín han Kaka, èyí tẹ́ ẹ ti di gèlè aláwọ̀ òféfèé tẹ́ ẹ sì gbé síbí dání. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ kó tó gba fóònù. Kò wo ojú yín rárá, agbada ló ń fẹ̀ lójú, ó fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ohun tó jẹ́ kí òróró yín pupa tó báyẹn, mo ṣàlàyé epo pupa fún un pẹ̀lú Hindi mi tí ò jinná. Ó wá ní kí n bi yín, pé àkàrà tó wú tó báyìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í mu epo? Mi ò mọ èsì ẹ̀. Ẹ fi fóìsì nóòtù dáhùn, màá túmọ̀ ẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ọmọ yín,
Káyọ̀dé