Ẹ yé sọ fún obìnrin pé kó jókòó sílé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìbínú ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń pa aṣọ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba fi sípò lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà lórí rédíò. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹni ibi tó ń fi ọkọ̀ èrò ṣe wán-ṣáǹsì, tí wọ́n ń díbọ́n gbé èrò láti jà á lólè tàbí ṣe é níjàǹbá. Èsì tó fọ̀ ni pé kí obìnrin dín ìrìn alẹ́ kù, pé èyí tó bá sì di dandan fún, kó wá ọkùnrin kan tí yóò tẹ̀ lé e. Ó tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ó rẹ́rìn-ín ní Ifẹ̀, ìlú tó gbé ère Mọremí ró ní ọdún 2016! Ọkùnrin wo ló tẹ̀ lé Mọremí lọ sọ́dọ̀ àwọn Ùgbò?

Ta ni kí opó wá tẹ̀ lé ara rẹ̀? Ta ni kí nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn wá? Èmi tí mo ń ta aṣọ, tí Gbági ní Ìbàdàn ni mo ti ń rajà, ṣé owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ni kí n máa yọ nínú èrè tí kò tó jẹun? Abala 41 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn bó ṣe wù ú káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. N kò rí i níbẹ̀ pé ọkùnrin nìkan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a kì í ṣọ́ra. Ta ló ń ṣọ́ra tó obìnrin? Kí n tó wọkọ̀, mo ti wo àwọn tó jókòó sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kìkì ọkùnrin, tí wọ́n wá fi àyè àárín sílẹ̀ fún mi, n kò ní wọ̀ ọ́, mo ti ń bá tèmi lọ nìyẹn, kódà bó kù díẹ̀ kójò rọ̀. Mo máa ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti inú, kí n rí i pé ó ń ṣí. Ẹ lọ wo àwọn ọkọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Ifẹ̀: ọ̀pọ̀ ni kò ní ọwọ́ ilẹ̀kùn nínú mọ́, okùn ni wọ́n so síbẹ̀, tàbí kí awakọ̀ máa na ọwọ́ láti ìta kó tó lè ṣí i fún ọ. Owó ọjà wà lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, kí n má baà máa tú àpò lójú èrò. Mo ń pe ọmọ mi lórí fóònù, mo sì ń sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè mọ̀ pé ẹnìkan ń retí mi nílé. Kò sí ìyá tí kì í kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní nǹkan wọ̀nyí kó tó jẹ́ kó dá wọkọ̀. A ti ṣe tiwa. Ibi tí tiwa parí sí ni ọwọ́ àwọn awakọ̀, àwọn alága gáráàjì, àti àwọn aláṣẹ tó ń rẹ́rìn-ín lórí rédíò.

Ẹ gbọ́ ohun tójú ọmọ aládùúgbò mi kan rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Èkó ló ti ń bọ̀ nígbà tí wọ́n ń wọlé padà. Inú gáráàjì ló ti wọkọ̀ o, kì í ṣe sọ̀ọ́lẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú mánífẹ́ẹ̀sì, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ èrò sí, ó kọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tì í. Wọ́n dé oríta Gbọ̀ngán, ilẹ̀ ti ṣú, ni awakọ̀ bá ní Òṣogbo lòun ń yà sí, pé èrò Ifẹ̀ kò pọ̀. Ló bá tà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọkọ̀ èrò mọ ohun tí mò ń sọ. Awakọ̀ kò ní bi ọ́ léèrè. Yóò ka náírà díẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn yóò gbé báàgì rẹ láti bùútù kan sí bùútù kejì, wọn yóò ní, “Àǹtí, ẹ bọ́ síbí, Ifẹ̀ náà ló ń lọ.” Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà á fún kò ní iná nínú, ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti bo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé èèyàn kò lè kà á. Ọmọ náà kọ̀. Awakọ̀ tó gbé e láti Èkó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ni wọ́n fi í sáàárín, wọ́n fún un ní àpótí jókòó, wọ́n ní kò ní kúrò lọ́dọ̀ àwọn àfi tí bàbá rẹ̀ bá dé láti Ifẹ̀. Ọlọ́run yóò bá wa san án fún wọn. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Mánífẹ́ẹ̀sì tó kọ orúkọ sí wá ńkọ́? Ó ti bá ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, iwájú awakọ̀ ni wọ́n sì ká a sí. Lórí ìwé yẹn, inú ọkọ̀ Òṣogbo ni ọmọ náà ṣì wà. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀ sí i nínú ọkọ̀ kejì, ìwé náà yóò ṣi àwọn tó ń wá a lọ́nà. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá sì já wọ igbó, ìwé àti èrò ni yóò jọ bá a lọ. Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Ìdí tá a fi ń kọ orúkọ ẹbí wa síbẹ̀ ni pé kí ẹnìkan lè rí wọn pè.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ fún kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí wọ́n máa fi kábọ́ọ̀nù kọ mánífẹ́ẹ̀sì. Kí awakọ̀ mú ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà kejì má kúrò ní gáráàjì. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ wo nọ́ńbà, kó má ṣe kọ èyí tí awakọ̀ bá pè fún un láti ẹnu. Kí wọ́n fún èrò kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, aago tí wọ́n gbéra àti nọ́ńbà fóònù gáráàjì, kí obìnrin lè yà á ní fọ́tò kó sì fi ránṣẹ́ sílé kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ọkọ̀ gàdàgbà sẹ́yìn àga awakọ̀, níbi tí ojú ẹni tó jókòó sẹ́yìn yóò tó o. Awakọ̀ tó bá fẹ́ ta èrò, kó kọ́kọ́ pe gáráàjì, kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ kejì fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú èrò náà. Bílẹ̀ bá ti ṣú, kí títa èrò lójú títì dópin pátápátá, kí wọ́n gbé e dé inú ìlú tó ń lọ, níbi tí iná wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, kí awakọ̀ pe gáráàjì tó ti gbéra. Bó bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí akọ̀wé gáráàjì bẹ̀rẹ̀ sí pe awakọ̀, kó pe ẹbí, kó sì pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì.

Ẹni tó bá rò pé nọ́ńbà lásán kò lè ṣe nǹkan, kó rántí ọmọbìnrin aránṣọ, ẹni ọdún 22, tó wọ bọ́ọ̀sì BRT l’Ékòó ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2022. Bọ́ọ̀sì tí gbogbo ìlú mọ̀ ló wọ̀, kì í ṣe ọkọ̀ kọ́lọ́fín. Nígbà tí ara fu ú, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà fún un. Wọn kò rí i gbà là, ó ṣì ń dùn mí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọkọ̀ tó wọ̀, wọ́n mú awakọ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sì dá a lẹ́bi ìpànìyàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Nọ́ńbà yẹn wà níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o. Ní oríta Gbọ̀ngán, kí ni ọmọ tiwa ì bá kà? Ẹrẹ̀?

Àwọn kan yóò ní obìnrin ló ń sá fún gáráàjì tó ń lọ wọ sọ̀ọ́lẹ̀ nítorí owó. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ kí gáráàjì máa ṣí dalẹ́, kí iná wà níbẹ̀, kí àwọn agbèrò yé fa obìnrin lọ́wọ́ bí ẹrù, ẹ ó rí i bí a ó ti máa wọ ibẹ̀.

Kí wọ́n tan iná sí àwọn oríta. Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, kí àwọn náà máa dúró sí ibi tí awakọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀ lálẹ́. Kí wọ́n lẹ 112 àti 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mọ́ inú gbogbo ọkọ̀.

Mo tún un sọ o: ẹ yé sọ fún obìnrin pé kó jókòó sílé. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kò gbọdọ̀ ta ọmọ ọlọ́mọ lóru. Òun ló ṣe ohun tí kò dáa, òun ni kẹ́ ẹ dojú ọ̀rọ̀ kọ.

Mo ti bá alága gáráàjì kan sọ̀rọ̀ lórí ìwé mánífẹ́ẹ̀sì yìí. Ó ní àbá náà dáa, àmọ́ ta ni yóò máa ra kábọ́ọ̀nù? Èmi àti àwọn aláṣọ ẹgbẹ́ mi ti fẹnu kò. Gáráàjì èyíkéyìí ní Ifẹ̀ tó bá gbà láti bẹ̀rẹ̀, àwa ni a ó ra ìwé àti kábọ́ọ̀nù tí wọn yóò lò fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ̀wé sí yín, olóòtú, kẹ́ ẹ sì bá wa tẹ orúkọ gáráàjì náà jáde, kí àwọn obìnrin lè mọ ibi tí wọn yóò ti máa wọkọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá aláṣọ kan,
Láàgéré, Ilé-Ifẹ̀.