Lẹ́tà sí Ìyá Mi l'Ọ́jàaba

Quartzsite, Arizona,
Amẹ́ríkà.

Ìyá mi Àlàájà,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Mùnírátù, ìyàwó yín, ní kí n sọ fún yín pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí Ìyá Sùlè wá sọ fún yín, pé Àkànní ti di ẹni tó ń sùn nínú mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Mọ́tò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà, fíríìjì wà, balùwẹ̀ wà, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ ṣáà mọ bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe ṣe rí: ọ̀sẹ̀ 13 ní ìlú yìí, ọ̀sẹ̀ 13 ní ìlú mìíràn. Bí mo bá ní kí n máa gba ilé káàkiri, onílé ni màá máa ṣiṣẹ́ fún. Ìdí tí a fi rà á nìyẹn. Kì í ṣe pé a ò rílé gbé.

Iṣẹ́ kan ti parí báyìí, òmíràn ò tíì bẹ̀rẹ̀, a wá wà nínú aṣálẹ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn bíi tiwa. La Posa ni wọ́n ń pè é. Láti September 15 sí April 15 ni àkókò rẹ̀. Èèyàn á gba ìwé àṣẹ, á wá ibi tó wù ú láàárín òkúta àti igi ẹlẹ́gùn-ún, á dúró síbẹ̀. Àwọn òyìnbó àgbàlagbà tó ń sá fún yìnyín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò síná ìjọba, kò sí ẹ̀rọ omi lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí là ń jẹ. Ohun tí à ń jẹ nílé náà ni, ọ̀nà tí à ń gbà sè é ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ din ata nínú ọkọ̀ á kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, á tan fáànù òrùlé, bẹ́ẹ̀ náà ni aago tó ń ṣọ́ èéfín á ṣì pariwo. Aago mìíràn wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń ṣọ́ gáàsì, nítorí gáàsì tí à ń lò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí bó bá jò. N kì í pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Epo tí a bá fẹ́ jó fún ayamáṣe, ìta la ti ń jó o.

Àmàlà náà, ìta ni. Mo gbé sítóòfù olójú kan sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní pa á, mo di ìkòkò mú bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní bùkà, mo sì ń rokà. Bàbá kan láti Kánádà tó jẹ́ aládùúgbò wa dúró, ó wò mí títí, ó ní ṣé ohun tí mo fẹ́ fi lẹ òrùlé ni. Mo bu díẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní Phoenix, tó tó 200 kìlómítà síbí, la ti ń ra èlùbọ́, kòkòrò kì í sì í wọ inú rẹ̀ rárá, torí ibí gbẹ gan-an. Gààrí wa kì í rọ̀.

Ata lílọ̀ ní àkókò tirẹ̀. Oòrùn ni sólà orí òrùlé ń kó sínú bátìrì. Bí mo bá tan ẹ̀rọ ìlọta ní kùtùkùtù, bátìrì á rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mò ń lọ èyí tó pọ̀, màá sè é títí omi á fi gbẹ, màá dì í sínú ọ̀rá, ó di inú fíríìsà.

Fíríìjì ọ̀hún á yà yín lẹ́nu. Iná gáàsì kékeré kan ló ń jó lẹ́yìn rẹ̀, iná yẹn ló sì ń mú ẹran dì! Ó ń mú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonia gbóná nínú páìpù, ìyẹn á máa yí ká, á máa kó ooru inú fíríìjì jáde. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tiẹ̀ lè bàjẹ́. Nítorí náà, bí a bá dé ibùdó tuntun, pákó la kọ́kọ́ ń kì sábẹ́ táyà kí a tó ronú oúnjẹ.

Omi ni ọ̀rọ̀. Táǹkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀: ti omi mímọ́, ti omi ìwẹ̀ àti omi abọ́, àti ti ilé ìgbẹ́. Ti omi mímọ́ gba nǹkan bíi 190 lítà, ìyẹn la sì ń ṣọ́ lò. A ó rọ omi sára, a ó ti ẹ̀rọ, a ó fọṣẹ, a ó tún un ṣí. Abọ́ tó ní epo, ìwé la fi ń nù ún kí omi tó kàn án, torí òtútù òru ń mú epo pupa dì mọ́ páìpù. Kẹ́tù àlùwàlá tí ẹ kó sínú báàgì mi nígbà tí mò ń bọ̀ ló wá wúlò jù. Àwọn tó ń fi ìwé nùdí, ìwé náà máa ń ṣù sínú táǹkì wọn, á dí ọ̀nà. Àwa ń fomi, tiwa kì í dí. Bó bá kún, a ó wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ṣe fún dídà á nù. Ti ìgbẹ́ la kọ́kọ́ ń ṣí, kí omi ọṣẹ tó tẹ̀lé e lè fọ rọ́bà tó ń gbà jáde. Èmi ló ń ṣe é. Mùnírátù ní torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń lọ́kọ.

Ẹ ka ibí yìí fún Ràṣídì. Táyà irú ọkọ̀ yìí kì í sábà gbó látorí ìrìn, ìdúró nínú oòrùn ló ń pa á. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ lè dára bí ọjọ́ tó dé, ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ sí ọdún méje, n kì í fi rin ọ̀nà jíjìn. Kí Ràṣídì máa wo nọ́ńbà yẹn lára tòkunbọ̀ tó ń rà.

Òrùlé náà ń fẹ́ àmójútó. Oòrùn máa ń la gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí fèrèsé òkè. Omi tó bá gbabẹ̀ wọlé kì í kán sójú ẹni, inú igi ògiri ló ń lọ, igi á sì jẹrà kéèyàn tó mọ̀. Eku aṣálẹ̀ tún wà, wáyà ni wọ́n ń jẹ. Bílẹ̀ bá ti ṣú, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, a ó gbé iná kékeré síbẹ̀, wọn ò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ gbàgbé: wọ́n sin Àlàájì kan sí ìlú yìí! Hadji Ali, ará Síríà, wà lára àwọn tó da ràkúnmí wá nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń dán ràkúnmí wò nínú aṣálẹ̀ níbí ní nǹkan bí 1856. Hi Jolly ni àwọn òyìnbó ń pè é. 1902 ló kú. Òkúta onígun ṣóńṣó ni wọ́n mọ sójú oórì rẹ̀, ère ràkúnmí sì wà lórí rẹ̀. Mo ti ṣe àdúà fún un.

Bí Ìyá Sùlè bá tún dé, ẹ fi fọ́tò ilé ìdáná wa hàn wọ́n. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ bá mi fi ìjábẹ̀ ránṣẹ́, àti orógùn kúkúrú, torí èyí tí mo ní kò wọ inú dúrọ́ọ̀. Ẹ fi irú gbígbẹ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irú tútù o, yàrá kan ṣoṣo la ní.

Ọmọ yín,
Àkànní