Mẹ́sàn-án ni mo fi sílẹ̀

Ìbarà, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ 20, Oṣù Èbìbì

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Àlàáfíà ni mo délé o. Bá mi kí Ìyá Tómi, kí o sì sọ fún Tómi pé mo mọ̀ pé òun ló gbé awò ìwòjìnnà náà pamọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀. Kó máa lò ó.

Òjò ti dé níbí. Odò Ògùn ti pọ́n, ẹrẹ̀ Ìtọ̀kú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi lánàá. Mo ń sọ fún Màmá pé òjò tó ń rọ̀ ní Tucson yín, ní Arizona ti Amẹ́ríkà, lọ́dún kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa, wọ́n ní, "Kí ni àwọn ẹyẹ ibẹ̀ wá ń mu?" Wọn ò béèrè ohun tí ẹ̀yin ènìyàn ń mu o! Mo bá sọ ọ̀rọ̀ abọ́ omi tí Ìyá Tómi ń gbé sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìdí abọ́ yẹn ni ojú mi ti là. O rántí pé ọ̀sán gangan lo mú mi lọ sí Saguaro National Park lọ́jọ́ kejì tí mo dé. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wa láwọ, igún méjì péré la rí, tí wọ́n ń yí lókè bíi pé àwa ni wọ́n ń dúró dè. Mo ní lọ́kàn mi pé iyanrìn àti ẹ̀gún lásán ni ọ̀rẹ́ mi lọ bá. Ìdájí ọjọ́ kẹta ni mo jí, torí ara mi ṣì wà ní Abẹ́òkúta, mo jókòó sẹ́yìnkùlé láìmira. Akọ ẹyẹ kan, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní Gambel's quail, fò sórí ògiri: ojú dúdú tí ìlà funfun yí ká, orí àwọ̀ obì, ìyẹ́ dúdú kan sì tẹ̀ wá síwájú orí rẹ̀ bí èyí tí ìjòyè ń fi sí fìlà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mumi. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sáré jáde láti abẹ́ igbó, àwọn ọmọ sì tò tẹ̀lé e, wọn ò tóbi ju horo awùsá lọ. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: mọ́kànlá. Ìwọ lo sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ti ń tẹ̀lé òbí wọn kiri, àti pé lọ́dún tí òjò ìgbà òtútù bá kọ̀, tí ewéko kò hù, ọ̀pọ̀ wọn kì í yé rárá.

Lórí orúkọ wọn, mo ṣì ń bá ọ jiyàn. O ní àparò ni, torí bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá ṣe pe quail. Àparò Bíbélì, arìnrìn-àjò ni. Láti Yúróòpù ló ti ń fò kọjá òkun wá sí Áfíríkà. Tìrẹ kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Tiwa ńkọ́? Aṣọ rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ló sì ń pa á: "kìkì ọ̀rá, kìkì ọ̀rá", títí ọdẹ á fi gbọ́. Tómi ní "Chicago" ni tiyín ń ké. Ẹyẹ Arizona tó ń pe ìlú onílùú! Ẹ kúkú wá orúkọ mìíràn fún un.

Òwìwí inú saguaro ni mi ò rí ẹni bá sọ níbí. Mo ní igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà, gàgàrà bí òpó iná, pé àkókó ló ń gbẹ́ ihò sí i lára, tí òwìwí á wá gba ihò náà nígbà tí àkókó bá kó jáde. Títí débẹ̀, wọ́n gbà. Ìgbà tí mo ní òwìwí ọ̀hún ò ju ológoṣẹ́ lọ, pé kò sí òwìwí tó kéré tó o láyé, wọ́n ní mo ti kó irọ́ òkè òkun bọ̀.

Roadrunner ni mi ò fẹ́ràn, ẹyẹ onírù gígùn tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé mo rí i lórí ògiri yín, alángbá lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mẹ́sàn-án ló wá mumi. Mi ò lẹ́rìí o, àmọ́ òun ni mo fura sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá Bàbá lọ sóko ní Ọ̀dẹ̀dá. Àparò ti hú àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Bàbá ń wá ibi tí wọn á dẹ okùn sí, èmi jókòó sídìí igi, mo ń ka àparò. Mẹ́rin. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà nìyẹn?" Mi ò ní kí wọ́n má dẹ okùn, àgbàdo la ó jẹ. Àmọ́ nígbà tí a padà débẹ̀ tí kò mú nǹkan kan, inú mi dùn, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Kí ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ nínú abọ́ yẹn. Kọ̀wé sí mi, kí o sọ iye ọmọ tó kù.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun