Délé, má tíì ju búrọ́ọ̀ṣì yẹn nù

Bologna, Ítálì
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú

Délé mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí. O ní búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tí mo fi rán Bọ̀dé sí ọ ń gún ọ lágbọ̀n bí ìgbálẹ̀ tuntun, pé ó ń rùn bí ilé ẹlẹ́dẹ̀, àti pé Ìyáàfin ti ní kó o gbé e jáde kúrò ní balùwẹ̀ òun. O tún wá ń béèrè bóyá ńṣe ni mo rí ọ fín. Tíṣà, ẹ̀ẹ̀melòó lo tíì lò ó? Ẹ̀ẹ̀mejì! Ìwọ tó o fara da ọmọ JSS1 fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó mọ ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mejì ni sùúrù rẹ tán lórí búrọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá èyí tí mo lè sọ sínú fóònù nínú bọ́ọ̀sì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti òórùn kúrò nílẹ̀. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni lóòótọ́, irun gbọọrọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ irun bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á sè é, wọ́n á ṣà á ní gígùn-gígùn, wọ́n á dì í, kó tó dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Omega tí mo rà fún ọ, nílùú Bologna níbí ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1931. Gbogbo sísè yẹn kì í lé òórùn lọ tán. Fi Morning Fresh tí ẹ fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó o ṣàn án dáadáa, kó o gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ní rùn mọ́.

O tún béèrè bóyá kò lè kó àrùn ranni. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irun ẹṣin tí wọn ò sè dénú ló wà nínú àwọn búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kan, ó sì kó àrùn anthrax ran àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà. Àwọn kan kú sí i. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti fi òfin dè é pé kí wọ́n máa pa kòkòrò inú irun kó tó di ohun títà. Sọ fún Ìyáàfin pẹ̀lú pé kó tó di 1938, tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín onínáílọ̀n kọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà, irun ẹlẹ́dẹ̀ yìí kan náà ni òyìnbó ń kì bọ ẹnu láràárọ̀. Àwọn baba wa rọra ń jẹ pákò ní tiwọn.

Pákò yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ọ. Ṣé o rántí orín ata tí ìyá yín máa ń gé fún wa nígbà ọlidé? Kò sẹ́ni tó ń gbé pákò tuntun tí yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbo eyín. Ẹran ìdí eyín rẹ ló máa jìyà ẹ̀. Wàá kọ́kọ́ rún orí rẹ̀ lẹ́nu, wàá rún un, wàá rún un, títí tí á fi là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe rí. Bí omi ṣe ń wọ̀ ọ́ tó sì ń gbẹ, bí o ṣe ń fi í po ọṣẹ lójoojúmọ́, orí ẹyọ irun kọ̀ọ̀kan á là sí méjì, sí mẹ́ta. Mo fi fóònù ya orí ti tèmi, mo fà á tóbi: àfi bí ìgbà tí èèyàn ń wo igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ya. Orí tó là yẹn ni rírọ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ṣì le bó ṣe wà níjọ́sí.

Kó o má bàa rò pé ẹnu lásán ni, mo to mẹ́ta sójú wíńdò láàárọ̀ yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni ìbejì tìrẹ, ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n, mi ò sì tíì lò ó rárá. Èkejì náà, Omega ni. Ó ti lo oṣù mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹta ni Semogue, tí wọ́n ń ṣe ní Pọ́túgà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ onígi ti ń ṣí ọ̀dà. Mo fi wọ́n kan inú ọrùn ọwọ́ mi níkọ̀ọ̀kan, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́ jù.

Ní gbígbẹ, tuntun yẹn ń gún mi bí irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́ta. Olóṣù mẹ́wàá dà bíi kànrìnkàn tó ti gbẹ, kì í gúnni, ṣùgbọ́n èèyàn á mọ̀ pé nǹkan ń ha òun. Mo rò pé Semogue á ti rọ̀ kẹlẹkẹlẹ, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí olóṣù mẹ́wàá. Irun ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ kì í sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀. Mo wá rẹ gbogbo wọn sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé kọfí kaná, nígbà tí kọfí hó ni mo yọ wọ́n. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tuntun yẹn rọ̀ díẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì lè ka orí irun rẹ̀ lára mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olóṣù mẹ́wàá ti di ìyẹ́ ẹyẹ. Semogue yẹn, Délé, mo di ojú, mi ò mọ ìgbà tó kàn mí lára. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ni mo mọ̀. Àmọ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ta padà, ó ní òun wà níbẹ̀.

Títa padà yẹn ni mo fẹ́ràn. Bàbá onígbàjámọ̀ tí mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ àwọn òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìlú yìí ní ọ̀kan tí wọ́n fi irun badger ṣe, ẹranko kan tó ń gbẹ́ ihò gbé nínú igbó wọn. Owó ẹ̀ á ra tìrẹ bíi mẹ́wàá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti máa ń rọ̀, kò béèrè sùúrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi ra ojú mi lọ́jọ́ kan. Ó dùn, n kò ní parọ́, àmọ́ lójú tèmi, ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Irùngbọ̀n tiwa ń ká kò ni, ó sì máa ń padà wọnú awọ, òun ló ń fa àwọn kókó tó máa ń yọ sí wa lọ́rùn. Mo fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí á gbé e dìde, tí á ti ọṣẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí abẹ tó dé. Mi ò sọ pé ó ń wò ó sàn o, bí abẹ rẹ bá kú, kókó á yọ. Ó kàn jẹ́ pé látìgbà tí mo ti ń lo onírun ẹlẹ́dẹ̀, ọrùn mi ń sinmi.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Má fi Proraso, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tí mo fi sí i, ṣòfò, torí búrọ́ọ̀ṣì tuntun ń mu ọṣẹ bí ọ̀mùtí: wàá rí ìfófòó, o ò ní tíì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó parẹ́. Ọṣẹ ìwẹ̀ yòówù ló tó. Lálaalẹ́, rẹ ẹ́ sómi, fi po ọṣẹ lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, ṣàn án, gbọ̀n ọ́n, jẹ́ kó gbẹ dénú kó tó di ọjọ́ kejì. Gbígbẹ yẹn wà lára iṣẹ́. Bí irun mẹ́ta mẹ́rin bá já, má pariwo, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Má sì kì í mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fọ ìkòkò, àárín rẹ̀ á dá. Tó bá fi máa di ìgbà kẹwàá, wàá ti mọ ìyàtọ̀. Nígbà tó bá tó ọgbọ̀n, wàá máa fi pè mí.

Omi gbígbóná ńkọ́? Má dán an wò. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, mo kánjú, mo da omi kẹ́túlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́. Irun rẹ̀ lọ́ wọ́kuwọ̀ku, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ìdí, odindi ìdìpọ̀ kan jáde mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ìfófòó wà lójú mi. Ilé ìdọ̀tí ló bá lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ omi, ìwọ lo tiẹ̀ rí jájẹ jù mí lọ. Omi ẹ̀rọ ibí le, ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ó sì ń fi ẹfun-ẹfun sílẹ̀ sára irun, mo ní láti máa fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbé omi òjò tí ẹ gbè sí ẹ̀yìnkùlé fún un. Wàá rí ìfófòó tí á ga bíi ti ẹ̀kọ tó fẹ́ bò lórí iná.

Ohun kan ṣoṣo ló bà mí lẹ́rù nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́: o ní Àlàájì, bàbá ìyàwó rẹ, rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kó o bá òun béèrè. Délé, jọ̀ọ́, sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti ra onínáílọ̀n kan fún wọn, kò sí irun ẹranko kankan nínú rẹ̀, ó sì ti rọ̀ láti inú páálí, kò béèrè ìrẹsómi tàbí ọgbọ̀n ọjọ́. Bọ̀dé ń bọ̀ nílé ní Oṣù Kejìlá, òun ni máa fi rán. Bá mi kí wọn dáadáa.

Kí Bọ̀dé tó padà, bá mi já orín ata tútù díẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé yín. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí ti gbẹ jù, kì í là.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìṣọ̀lá