Má tíì fi ìwé ránṣẹ́ sí mi

Kubwa, Àbújá
Oṣù Kìíní

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Ara gbogbo wa le. Àwọn ọmọ ń kí ọ, bàbá wọn náà ń kí ọ. Mo rí fọ́tò àwọn ìbejì. Wọ́n mà ti ga ju ìyá wọn lọ! Olúwa á dá wọn sí.

O ní kí n kọ orúkọ àwọn ìwé tí mo bá fẹ́, pé ẹnì kan ń bọ̀ wálé láti Kánádà tí yóò bá ọ gbé wọn. O ṣé gan-an, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n má tíì fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kó ìwé inú pálọ̀ sílẹ̀ kí n lè nu eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn. Èyí tí n kò tíì kà pọ̀ ju èyí tí mo ti kà lọ. O mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú ìwé rí níhìn-ín: bébà á gbẹ, èèpo ẹ̀yìn á ká sókè, gọ́ọ̀mù tó di ojú ewé mú á sán, bí o bá wá fipá ṣí i, yóò là sí méjì. Bí òjò bá dé, ó di ti èbu àti ikán. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí ń gbó lọ bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń kà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo rà nígbà tí mo wà nínú oyún àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ náà ti ń ka ìwé fúnra rẹ̀ báyìí.

Síbẹ̀, bí mo bá gba Wuse kọjá, tí mo rí màláàmù tó tẹ́ ìwé tòkunbọ̀ sórí tapólì, ẹsẹ̀ mi á dúró. “Hajiya, sabo ne!” Ó ní tuntun ni, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọkàn mi á fà sí i lójú ẹsẹ̀.

Mo ti ro ohun tó ń fa ọkàn yẹn. Ìwé tí n kò tíì rà kò béèrè ju owó lọ lọ́wọ́ mi. Èyí tó wà nílé, àkókò ló ń béèrè, àkókò sì wọ́n ju owó lọ fún ẹni tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Kubwa. Bí mo bá ń sanwó ìwé, ọjọ́ Sátidé kan ni mo máa ń rí lójú inú mi: àwọn ọmọ ò sí nílé, ariwo ò sí, èmi àti ìwé náà nìkan. Sátidé yẹn gan-an ni mo ń sanwó fún. Bí Sátidé bá sì dé, ìnáwó á wà ní Gwarimpa, aṣọ ẹbí á ti wà nílẹ̀. Ìwé tuntun dà bí àlejò nílé wa: òun là ń bu ẹran fún, kí ọmọ ilé ṣe sùúrù.

N kò bá ẹni tó ń ra ìwé jà o. Ẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ yín, bí o kò bá ra ìwé lónìí, ilé-ìkówèésí àdúgbò lè yá ọ lọ́la. Níbí, ìwé tòkunbọ̀ tí o bá fò dá lónìí, ó lọ nìyẹn. Ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ fún Ilé-ìkówèésí Àpapọ̀ nílùú yìí, ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tí ìyàwó Ààrẹ pé ẹni ọdún 65 ní 2025, ó ní kí àwọn tó fẹ́ fún òun lẹ́bùn dá owó tí wọn yóò fi parí rẹ̀. Láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní 2023, ìwé òkè òkun ti kọjá agbára olówó oṣù. Ta ló máa rí èyí tó pọ́ọ́kú tí kò ní nawọ́ gán an?

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ojú ewé 20 lálaalẹ́, ọjọ́ 15 ni ìwé olójú ewé 300 máa gbà á. Ìwé 24 lọ́dún nìyẹn, bí ara bá le tí iná sì wà. Bí ìwé 120 bá ń dúró nílé, ọdún márùn-ún gbáko ni, láì ra ẹyọ kan kún un.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń rí wọn kà jù, bí mo bá ń lọ wo àǹtí wa ní Kàdúná. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọkọ̀ yẹn ṣì ń bà ọ́ nítorí àwọn agbébọn tó kọlù ú ní 2022. Àdúrà ni mo fi ń wọ̀ ọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni mo máa ń mú dání. Láàárín Jere sí Rijana, kò sí òmíràn tó lè pè mí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìwé tí mo rò pé kò dùn, ó di nǹkan bí ojú ewé ogójì kó tó la ẹnu. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn ń kà lórí ìdúró lọ́dọ̀ màláàmù. Adùn àárín ìwé, ẹni tó jókòó tì í ló ń jẹ ẹ́, ìyẹn sì ni mo ń pàdánù nígbàkigbà tí mo bá tún fi tuntun lé e.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Àdììtú Olódùmarè tí a jọ rà ní Dùgbẹ̀, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Tèmi wà níbí. Ìwé Fágúnwà ti 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, nìkan ni wọ́n kà fún wa nílé ìwé. Èyí jáde ní 1961, ọdún méjì kí ó tó ṣaláìsí, àwa méjèèjì ò sì ṣí i rí. Jẹ́ ká jọ kà á. Ojú ewé mẹ́wàá mẹ́wàá lálaalẹ́, kí a wá fi ohùn ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Má sáré ṣíwájú mi o. Bí a bá parí rẹ̀, kí o wá fi ìwé méjì péré ránṣẹ́, ìwọ ni kó yàn wọ́n.

Ṣé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti bẹ̀rẹ̀? Fèsì kíákíá.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kubwa