Àtàǹpàkò tí mo nà lábẹ́ òkun

Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànmú ọ̀rẹ́ mi,

Hamburg ńkọ́? Òtútù ò tíì gbé ẹ lọ? Ooru ni tiwa níbí, kajú sì ti ń já bọ́ lórí igi.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mi ò fi pẹ́ lábẹ́ òkun nígbà tí mo lọ sí Florida, mo ní etí ló ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí àbúrò rẹ bá fi gbọ́, èmi pẹ̀lú ẹ ni.

Benwood lorúkọ ọkọ̀ tí wọ́n mú mi lọ wò ní Key Largo. Fọ́sífétì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ ló kó ní oṣù kẹrin ọdún 1942. Kò tan iná lóru, nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì, àwọn aládùúgbò rẹ yẹn, ń dọdẹ kiri. Ọkọ̀ epo kan, Robert C. Tuttle, náà ń bọ̀ láìtan iná. Wọ́n forí sọ ara wọn. Benwood ló rì.

Àárọ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ mi nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó gbà kí n wọ òkun. Gbogbo èèyàn níbí ló ń sọ pé ọ́síjìn ni mo gbé sẹ́yìn. Rárá o! Afẹ́fẹ́ lásán ni, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sínú sílíńdà bíi ti fọganáísà, àfi pé wọ́n kọ́kọ́ sẹ́ tiwọn mọ́.

Bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni mò ń di imú mú, tí mò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí kó lè là. Nígbà tó yá mo rí i: irin kalẹ̀ lọ bíi páànù ilé tí ìjì ṣí. Iyùn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Iyùn kì í fìdí múlẹ̀ lórí yanrìn tó ń ṣí kiri, ohun líle ló ń wá. Ẹ̀dá alààyè ni o, ìbátan èyí tí àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn. Lábẹ́ irin kan, ẹja abilà aláwọ̀ ìyeyè kún bámú, gbogbo wọn kọjú síbì kan bí èrò tó ń dúró de mọ́tò. Ẹja mìíràn tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ayékòótọ́ ń họ ohun tó lẹ̀ mọ́ irin jẹ. Mo ń gbọ́ ọ, kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀, bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Okùn aago mi tó pupa fòò ti di àwọ̀ ilẹ̀, torí pé pupa ni omi kọ́kọ́ máa ń gbé mì.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó mú mi wọ omi ti fọwọ́ bi mí bóyá ara mi le. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo na àtàǹpàkò sókè. Ó sì ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀ pé lábẹ́ omi, "ká máa lọ sókè" nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló ń so pọ̀ bí òrùka. Ó di apá mi mú, ó di òkè. Mo tún na àtàǹpàkò kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe mí. Bí mo ṣe ń nà án ló ń gbé mi lọ, díẹ̀díẹ̀, títí orí wa fi yọ. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ojú tì mí, mo ní etí ni.

Mo sọ fún Ìyá mi pé ọkọ̀ mìíràn tó rì wà nítòsí ibẹ̀, Spiegel Grove, tó gùn ju mítà 150 lọ, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ rì ní 2002 kó lè di ilé fún ẹja. Ó dojú dé. Wọ́n fà á títí, ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, àfi ìgbà tí ìjì líle kan jà ní 2005 tó gbé e nàró. Ìyá ní, "Ìjì tó ń ṣí páànù wa níbí, òun náà ló ń gbé ọkọ̀ dìde lọ́hùn-ún?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Tí o bá sì ka lẹ́tà yìí tán, jọ̀ọ́, má fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Èmi ni tìẹ,
Àlàó