Bàámi, ọ̀rọ̀ góòlù tí ẹ fi ń rọ nǹkan yẹn

Livingston, Louisiana

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó àbúrò mi. Owó oògùn ẹsẹ̀ Màámi, ṣé ó ti dé ọwọ́ yín?

Ẹ ní ẹ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù pé páìpù ni mò ń ṣọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò purọ́. Páìpù ẹ̀rọ LIGO ni, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgbì òòfà (gravitational waves) láti ojú ọ̀run, ìyẹn ìgbì tó ń na nǹkan tó sì ń fún un bó ṣe ń kọjá. Páìpù méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà 4, wọ́n pàdé ní igun láàárín igbó. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn dígí inú wọn. Bí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run, ìgbì rẹ̀ á mú kí páìpù kan gùn, kí èkejì kúrú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú proton, tó wà nínú átọ́ọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí rélùwéè àti àwọn agégi fi ń dà wá láàmú. Ìkejì ẹ̀rọ wa wà ní Hanford, ní ìpínlẹ̀ Washington, nǹkan bíi 3,000 kìlómítà síbí. Ohun tí àwa nìkan bá gbọ́, ó lè jẹ́ ariwo ayé lásán.

Ní September 14, 2015, ihò dúdú méjì (black hole, ohun tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀) wọ inú ara wọn, ìgbì wọn sì rìn fún ọdún bílíọ̀nù 1.3 kó tó dé. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí ló kọ́kọ́ kàn. Mi ò tíì débí nígbà yẹn, síbẹ̀ mo máa ń fi yangàn.

Ṣùgbọ́n ti August 17, 2017 ló kàn yín. Ìràwọ̀ neutron méjì kọlu ara wọn. Òkú ìràwọ̀ ni wọ́n o: ọ̀kan lè wúwo ju oòrùn lọ, kó má sì fẹ̀ ju ìlú kan lọ. Ariwo burúkú kan já wọ ẹ̀rọ ti ibí gan-an lásìkò náà, wọ́n sì ní láti yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó rí ìgbì náà dáadáa. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn ìkọlù náà, sátẹ́láìtì Fermi rí ìtànṣán rẹ̀. Nígbà tí àwọn awojú-ọ̀run yíjú síbẹ̀, wọ́n rí iná tó kọ́kọ́ rí bí aró, tó wá pọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmì pé irin wíwúwo ń dá síbẹ̀ nìyẹn, irú bíi góòlù àti platinum.

Kì í ṣe ìkọlù yẹn ló bí góòlù ọwọ́ yín o, torí ayé ti wà tipẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn irú rẹ̀ àtijọ́ ló ṣeé ṣe kó bí i, kí oòrùn wa tó yọ rárá. Alágbẹ̀dẹ kankan kò rọ ọ́ ṣáájú wọn. Ẹ lè sọ fún oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ fowó lé e.

Mò ń retí fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín,
Àkànní